Ìwé ilé náà wà lọ́wọ́ ta?

  Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀. Ẹ wá ibi jókòó sí, kí ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìparí kí ẹ tó kọ ohunkóhun sísàlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ sọ. Ẹ̀yin màmá wa nínú Olúwa, mo mọ̀ pé inú yín kì í dùn sí bọ́ọ̀lù torí ó máa ń gba ọkọ lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ fún mi láyè lónìí nìkan. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ góòlù, ọ̀rọ̀ ilé ni. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí àwọn ará ti ń bi mí pé, "Pásítọ̀, ìgbà wo la máa kó kúrò nínú gbọ̀ngán tí a háyà yìí? Ṣé ẹ ò lè lọ bá báǹkì ni?" Mo ti dá ìgbìmọ̀ lóhùn. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí gbogbo ìjọ mọ ohun tó wà lọ́kàn mi, mo sì mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ wa tó mọ orúkọ agbábọ́ọ̀lù Arsenal ju orúkọ àwọn àpọ́sítélì méjìlá lọ á tètè gbọ́ ọ tí mo bá fi bọ́ọ̀lù sọ ọ́.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Highbury.

Ní 1913 ni Arsenal kó kúrò ní apá gúúsù London, tí wọ́n wá sí Highbury ní apá àríwá. Ṣé ẹ mọ ẹni tó ni ilẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ háyà? Ilé ẹ̀kọ́ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ àlùfáà ni! St John's College of Divinity lorúkọ rẹ̀. 20,000 pọ́ùn ni wọ́n fi háyà rẹ̀ fún ọdún 21. Àwọn onílẹ̀ wá fi í sínú àdéhùn pé wọn ò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ lọ́jọ́ Kérésìmesì àti lọ́jọ́ Good Friday, wọn ò sì gbọdọ̀ ta ọtí. Ẹ rí i bí? Ẹni tó nilé ló ń ṣòfin ilé. Bó o ṣe lókìkí tó, tó o bá ti jẹ́ ayálégbé, ẹnu onílé lò ń wò. Nígbà tó di 1925, Arsenal kó 64,000 pọ́ùn kalẹ̀, wọ́n ra gbogbo ilẹ̀ náà. Láti ọjọ́ náà, tiwọn ni.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà títí di 2006. Ọdún 93. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti dàgbà, bàtà ọmọdé á fún un lẹ́sẹ̀. Ènìyàn tí Highbury ń gbà ní ìgbẹ̀yìn kò ju 38,000 àti díẹ̀ lọ, nígbà tí Old Trafford ti Manchester United ń gba ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ bí ìyá ọlọ́jà: bí ẹ̀yin méjèèjì bá ń ta ọjà kan náà, tí ìsọ̀ tirẹ̀ gba oníbàárà méjì níbi tí tìrẹ ti gba ẹnì kan, lọ́dún mẹ́wàá, ta ló máa lówó ra ọjà tuntun? Wọn ò sì lè fẹ Highbury sẹ́yìn. Ilé àwọn ènìyàn yí i ká, ìjọba sì ti ka apá ìlà oòrùn rẹ̀ mọ́ ilé àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wó.

Ni wọ́n bá wá ilẹ̀ tuntun. Ilẹ̀ tí wọ́n rí kò jìnnà, ènìyàn lè fẹsẹ̀ rìn ín. Ashburton Grove ni wọ́n ń pè é. Kí ló wà níbẹ̀? Ibi tí wọ́n ń kó pàǹtírí sí! Wọ́n ní láti kọ́ ibòmíràn fún àwọn tó ń kólẹ̀ kí wọ́n tó lè fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Mílíọ̀nù 390 pọ́ùn ni iṣẹ́ náà ná wọn. Kò sí ìjọba tó kọ́ ọ fún wọn. Nígbà kan ní 2003, iṣẹ́ dúró nítorí owó kò tíì délẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé kí a lọ bá báǹkì, ẹ wo bí wọ́n ṣe rí owó náà.

Àkọ́kọ́, wọ́n yá mílíọ̀nù 260 pọ́ùn lọ́wọ́ àwọn báǹkì. February 2004 ni wọ́n parí àdéhùn yẹn. Ẹ̀yin ọmọ Arsenal, ẹ rántí February 2004. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n gba líìgì láìpàdánù ẹyọ kan, tí Kanu wa wà nínú wọn, tí gbogbo ayé ń pè wọ́n ní aláìṣeéṣẹ́gun. Àárín ayọ̀ yẹn ni wọ́n buwọ́ lùwé gbèsè.

Ìkejì, wọ́n ta orúkọ. October 2004, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Emirates gbà láti san mílíọ̀nù 100 pọ́ùn kí orúkọ wọn lè wà lára pápá náà fún ọdún 15, kí ó sì wà láyà aṣọ àwọn agbábọ́ọ̀lù fún ọdún mélòó kan. Ìdí nìyẹn tí gbogbo yín fi ń pe ilé Arsenal ní Emirates. Tó bá di ìdíje àwọn UEFA, tí wọn kì í jẹ́ kí ènìyàn polówó bẹ́ẹ̀, Arsenal Stadium ni wọ́n ń kọ. Ilé kan, orúkọ méjì, nítorí wọ́n ti ta ọ̀kan.

Ìkẹta, wọ́n ta ilé bàbá wọn. Wọ́n sọ Highbury di fúláàtì, 711. Ibi tí Henry ti gba góòlù mẹ́ta wọlé lọ́jọ́ ìdágbére, tó sì kúnlẹ̀ fẹnu ko koríko, àwọn ènìyàn ti ń se ọbẹ̀ níbẹ̀ báyìí.

Ìkẹrin ni èyí tí kò sí nínú ìwé kankan: ìyà. Nígbà tó di 2006, wọ́n sọ gbèsè báǹkì náà di ìwé gbèsè ọlọ́jọ́ gbọọrọ, èyí tí wọ́n á máa san díẹ̀díẹ̀ fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Ó bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n gbèsè ni gbèsè ń jẹ́. Tẹ́ ẹ bá bi àwọn àgbà ilé yín, wọ́n á sọ fún yín nípa ìwọ̀fà láyé àtijọ́. Bàbá ló lọ yáwó, ọmọ ló ń lọ sin olówó. Ọmọ ò mọ ọjọ́ tí wọ́n yá a, kò mọ ohun tí wọ́n fi ṣe, òun ló ń jí lọ sóko olóko. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Arsenal nìyẹn. Pápá ló jẹ gbèsè, àwọn ọmọ ló lọ ń sin owó. Vieira lọ ní 2005. Ashley Cole lọ ní 2006. Henry lọ ní 2007. Adebayor, ọmọ Tógò tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ tiwa, lọ ní 2009, òun àti Kolo Touré. Fàbregas àti Nasri lọ ní 2011. Van Persie lọ sí Manchester United ní 2012, ọdún tó débẹ̀ gan-an ló gba líìgì fún wọn. Èmi ò sọ pé gbèsè nìkan ló lé wọn. Àwọn kan nínú wọn fúnra wọn ló fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ olówó ń da owó sílẹ̀ bí àgbàdo, Wenger ń fi ọmọ kéékèèké dí àlàfo.

Láti FA Cup 2005 títí dé FA Cup 2014, ife kankan kò wọlé. Ọdún mẹ́sàn-án! Ẹ̀yin ọmọ Chelsea àti ọmọ United ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù, ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí ẹ fojú àwọn ará wa rí ní ọdún mẹ́sàn-án yẹn. Tí ẹ bá lọ sí London, tíkẹ́ẹ̀tì Arsenal wà lára èyí tó wọ́n jù ní gbogbo England, síbẹ̀ àwọn ènìyàn ń rà á. Wọ́n ń san owó ẹran, wọ́n ń jẹ ẹ̀fọ́. Ohun tí wọ́n ń sọ fún ara wọn ni pé: "Ẹ jẹ́ ká fara dà á. Ilé la ń kọ́. Tí a bá san gbèsè tán, tiwa ni."

Mo fẹ́ yin Arsenal níbí kí n tó sọ ìyókù. Ní gbogbo ìgbà tí ebi yẹn ń pa wọ́n, láti 2006 títí di 2016, wọn ò bọ́ sílẹ̀ kúrò nínú mẹ́rin àkọ́kọ́ ní líìgì. Wọn ò sì jẹ gbèsè kọjá ọjọ́. Ẹni tó bá mọ ìṣòro ilé kíkọ́ á mọ̀ pé iṣẹ́ ribiribi nìyẹn. Pápá náà dúró, ó lẹ́wà, ó ń gba ènìyàn tó 60,000, orúkọ ẹgbẹ́ ló sì wà lórí ìwé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ta ló ni ẹgbẹ́?

Ibí ni mo ń bọ̀ láti àárọ̀. Ní 2007, ọ̀gbẹ́ni ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Stan Kroenke bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìpín nínú Arsenal. Nígbà tó di 2011, ìpín tirẹ̀ ti ju ìdajì lọ. Ní August 2018, Usmanov, ọlọ́lá ará Rọ́ṣíà tó ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá, ta gbogbo tirẹ̀ fún un ní mílíọ̀nù 550 pọ́ùn. Ó wá ku àwọn mẹ̀kúnnù. Àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ tó ní ìpín kan, ìpín méjì. Àwọn míràn jogún rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá wọn ni, ìwé rẹ̀ wà lára ògiri bí fọ́tò ìgbéyàwó. Òfin ilẹ̀ England sọ pé bí ẹnì kan bá ti ra ìpín títí ó fi kọjá iye kan, ó lè fi tipá ra ìyókù. Ó sì rà á. Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́, ó sanwó fún wọn, ó lé ní 29,000 pọ́ùn lórí ìpín kan. Kò jalè. Ṣùgbọ́n àwọn tó fara da ọdún mẹ́sàn-án, tí wọ́n fi owó tíkẹ́ẹ̀tì san gbèsè, tí wọ́n ń sọ pé "tiwa ni," nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn máa fi mọ́, kò sí ẹyọ bíríkì kan tó jẹ́ tiwọn. Ọkùnrin kan ló ni gbogbo rẹ̀.

Ará mi, ẹni tó jìyà ilé kọ́ ló ń ni ilé. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ló ni ín. Bí a kò bá sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí a tó da ìpìlẹ̀, ẹ̀yìn òrùlé kọ́ la máa tó wá kọ ọ́.

Ẹnì kan lè ní, "Pásítọ̀, ṣé kí a má kọ́ tiwa rárá ni? Kí a máa háyà lọ?" Ó dáa, ẹ wo Coventry.

Coventry City ní pápá tirẹ̀, Highfield Road, tó ti wà níbẹ̀ láti 1899. Wọ́n fẹ́ kọ́ ńlá. Wọ́n ta ilẹ̀ ti àtijọ́. Kí tuntun tó parí, owó tán lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ta ìdajì tó yẹ kó jẹ́ tiwọn nínú rẹ̀ fún àjọ aláàánú kan ní ìlú náà. Ìdajì kejì jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa wọ ilé tuntun ní 2005, ayálégbé ni wọ́n bá wọ̀ ọ́. Owó ilé lé ní mílíọ̀nù kan pọ́ùn lọ́dún, ẹgbẹ́ tí kò sì sí nínú líìgì àgbà mọ́, ibo ló ti fẹ́ rí i? Àwọn tó ra ẹgbẹ́ ní 2007 wá dá owó ilé dúró ní 2012. Ìjà dé. Ilé ẹjọ́ dé. Ní 2013, Coventry City kó lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Northampton, ìlú onílùú. Ẹ fojú inú wò ó: ìjọ Ìbàdàn tó ń lọ ṣe ìsìn Sunday ní Abẹ́òkúta, tí gbọ̀ngán ńlá sì wà ní òfìfo nílé!

Wọ́n padà ní 2014. Ọdún yẹn náà ni ẹgbẹ́ rọ́gíbì kan tó ń jẹ́ Wasps, tí kì í ṣe ọmọ ìlú náà rárá, wá láti ibòmíràn, tí wọ́n ra ilé náà mọ́ Coventry lójú. Àlejò di onílé, onílé di àlejò. Ní 2019, wọ́n tún kó jáde, ó di Birmingham, ọdún méjì. Ní 2022, gbèsè ṣubú lu Wasps náà, ẹgbẹ́ wọn dẹnu kọlẹ̀. Ilé iṣẹ́ Mike Ashley ra pápá náà ní mílíọ̀nù 17 pọ́ùn. Ó di August 2025 kí Coventry City tó ra á padà. Àwọn bàbá wa ní ogún ọdún ń bọ̀ wá kọ̀la. Láti 2005 sí 2025, ogún ọdún gééré, ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n wọ ibẹ̀ ti dàgbà tó ẹni tó ń gbéyàwó kí ilé tó di tiwọn.

Ẹlòmíràn á ní, "Ṣé a ò lè rí ẹni tó máa kọ́ ọ fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ ni? Ṣé kò sí olóṣèlú?" Haaa! Mo mọ̀ pé ẹ máa sọ ọ́. Ẹ wo West Ham.

West Ham wà ní Upton Park fún ọdún 112. Ìjọba England kọ́ pápá ńlá fún Òlíḿpíìkì 2012. Lẹ́yìn eré, wọn ò mọ ohun tí wọ́n máa fi ṣe. Wọ́n bá tún un ṣe kó lè gba bọ́ọ̀lù, mílíọ̀nù 323 pọ́ùn ni àtúnṣe yẹn nìkan gbà. Èló ni West Ham mú wá? Mílíọ̀nù 15. Owó ilé wọn jẹ́ mílíọ̀nù méjì àbọ̀ pọ́ùn lọ́dún, fún ọdún 99. Nígbà tí wọ́n gbé àdéhùn náà jáde ní 2016, àwọn ènìyàn rí i pé onílé ló ń sanwó ẹ̀ṣọ́, onílé ló ń ra òpó góòlù, títí dé àsíá kékeré tó wà ní igun pápá. Owó ta ni? Owó orí àwọn ará ìlú, ti nọ́ọ̀sì àti ti awakọ̀, títí kan ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní London, tí wọn ò tiẹ̀ fẹ́ràn West Ham.

Ṣé inú àwọn ọmọ West Ham wá dùn ni? Rárá o. Ibi tí àwọn eléré ìje ń sá yí pápá ká wà láàárín wọn àti agbábọ́ọ̀lù. Wọ́n ní ojú àwọn ò tó góòlù mọ́. Ẹ̀wù àyáwọ̀ ni: bí kò bá fún ni lápá, á ṣo ni lọ́rùn. Ilé tí ẹlòmíràn kọ́ nítorí nǹkan mìíràn, o lè sùn nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó le kí o tó máa pè é ní ilé rẹ. Olóṣèlú tó bá sì kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì fún ọ, lọ́jọ́ ìdìbò, á wá béèrè àsíá igun pápá lọ́wọ́ rẹ.

Ó wá ku ẹyọ kan, Barcelona. Wọn kì í ṣe áńgẹ́lì, gbèsè ti ọrùn wọn pọ̀ ju ti gbogbo àwọn tí mo ti dárúkọ lọ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo fẹ́ràn níbẹ̀. Barcelona kò ní ọ̀gá kan tó rà á. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ni ín, wọ́n ń san owó ẹgbẹ́, wọ́n sì ń dìbò yan olórí wọn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tún Camp Nou kọ́, kí wọ́n tó lọ yáwó, wọ́n pe àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jọ ní December 2021, wọ́n ní: "Bílíọ̀nù kan àbọ̀ yúrò la fẹ́ yá. Ṣé kí a yá a tàbí kí a má yá a?" Wọ́n dìbò. Àwọn tó gbà ju mẹ́jọ nínú mẹ́wàá lọ. Nígbà tí wọ́n máa buwọ́ lùwé ní 2023, wọ́n ní àwọn ò fi pápá náà dógò. Owó tó bá ń wọlé nínú pápá ni wọ́n á fi máa san án. Ó lè dáa, ó lè má dáa, ọjọ́ iwájú ló máa sọ. Ṣùgbọ́n bí ìyà bá dé, kò sẹ́ni tó máa sọ pé wọn ò bi òun. Bí adùn bá sì dé, ilé tiwọn ni.

Ẹ̀yin ará, Bíbélì ò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo wa mọ ọ̀rọ̀ tí Jésù sọ nínú Lúùkù orí 14 nípa ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ tí kò kọ́kọ́ jókòó ṣírò owó rẹ̀. A máa ń wàásù ìyẹn. Èyí tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ wàásù ni Nehemáyà orí 5. Ẹ lọ kà á lálẹ́ òní. Odi Jerúsálẹ́mù ń lọ sókè, iṣẹ́ Ọlọ́run ń lọ ní rẹbẹtẹ, àwọn ènìyàn wá bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Wọ́n ti fi oko àti ilé dógò nítorí oúnjẹ, ọmọ wọn ti di ẹrú nítorí gbèsè. Odi ń ga, àwọn tó ń mọ ọ́n ń rù. Kí ni Nehemáyà ṣe? Kò sọ pé kí wọ́n lọ gbààwẹ̀ sí i. Ó pe àwọn ọlọ́lá jọ, ó ní kí wọ́n dá oko olóko padà, kí wọ́n sì dá èlé padà. Òun fúnra rẹ̀ kò jẹ oúnjẹ tó tọ́ sí gómìnà fún ọdún 12. Ìyẹn ni mo ń pè ní olórí tó ń kọ́lé.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ìjọ mi, ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ fún ìgbìmọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé Pásítọ̀ ò fẹ́ ìlọsíwájú.

Mo fẹ́ kí a kọ́lé. Mo fẹ́ ẹ gidi gan-an. Mo ti gbọ́n omi òjò jáde nínú gbọ̀ngán yẹn pẹ̀lú yín. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ la máa kọ́kọ́ rà. Arsenal háyà fún ọdún 12 kí wọ́n tó ra ilẹ̀, kò pa wọ́n. Owó ilẹ̀ yẹn, a máa dá a jọ ni, a ò ní yá a.

Ìwé ilẹ̀ náà kò ní jẹ́ orúkọ mi. Kò ní jẹ́ orúkọ ìyàwó mi, kò ní jẹ́ orúkọ ọmọ mi. Òfin Nàìjíríà fàyè gbà á pé kí ìjọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, kí àwọn Registered Trustees, ìyẹn àwọn tí ìjọ fi ohun ìní rẹ̀ sí ìkáwọ́ wọn, gba ilẹ̀ lórúkọ ìjọ. Bẹ́ẹ̀ la máa ṣe é. Lọ́jọ́ tí Ọlọ́run bá pè mí, kí ẹ má baà máa bá àwọn ọmọ mi ṣẹjọ́ lórí ilé tí màmá tó ń ta ẹ̀kọ fi ọgọ́rùn-ún náírà, ọgọ́rùn-ún náírà kọ́. Mo ti rí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn ìjọ lágbègbè wa. Kì í dùn ún wò. Ìjọ á wà níta, àwọn ọmọ olóògbé á ti ilẹ̀kùn pa.

Tó bá wá di pé a nílò láti yáwó parí rẹ̀, kì í ṣe èmi àti ìgbìmọ̀ ló máa buwọ́ lù ú ní kọ̀rọ̀. Gbogbo ìjọ la máa pè. A máa kọ iye rẹ̀ sára ògiri, a máa kọ èlé rẹ̀, a máa kọ ọdún tó máa gbà. Ẹni tó ń dá ẹgbẹ̀rún náírà á dìbò, ẹni tó ń dá mílíọ̀nù á dìbò, ìbò kan ṣoṣo sì ni ti kálukú. Ẹni tó bá dá mílíọ̀nù, a máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n a ò ní sọ ilé Ọlọ́run ní orúkọ rẹ̀.

Ohun kan sì wà tí a ò ní tà. Ẹ mọ̀ pé a ní àpò àwọn opó. Ẹ mọ̀ pé a ní owó tí a fi ń ran àwọn ọmọ aláìní lọ́wọ́ nílé ìwé. Àwọn yẹn ni Henry wa. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé kí a dá a dúró fún ọdún méjì péré kí a fi ra símẹ́ǹtì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, ìtara ilé Olúwa ló mú yín sọ ọ́. Ṣùgbọ́n rárá. Ọmọ tó bá kúrò nílé ìwé lọ́dún yìí torí a fẹ́ ra táìsì, táìsì yẹn máa ń tutù lẹ́sẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò ní tutù lẹ́sẹ̀ tèmi.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á sú. Àwọn kan á lọ síbi tí a/c wà. Kí Ọlọ́run bá wọn lọ. A ò ní bínú sí wọn, Van Persie náà lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró, tó bá jìyà ilé yìí pẹ̀lú wa, mo fẹ́ kó lè mú ọmọ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan, kó nàka sí i, kó ní, "Tiwa ni," kí ó sì jẹ́ òtítọ́.

Ìpàdé lórí ilẹ̀ náà máa wáyé lẹ́yìn ìsìn Sunday tó ń bọ̀. Ẹ wá pẹ̀lú ìbéèrè yín. Ìbéèrè kì í ṣe ọ̀tẹ̀.

Olúwa tó ni ilé gbogbo, kọ́ ilé yìí fún wa. Má jẹ́ kí a fi omijé opó po símẹ́ǹtì rẹ̀. Má jẹ́ kí a fún irúgbìn kí ẹlòmíràn wá kórè rẹ̀ mọ́ wa lójú. Ẹ̀yin tí ẹ ń san owó ilé báyìí, tí lánlọ́ọ̀dù ń yọ lẹ́nu, Ọlọ́run á fún yín ní tiyín, orúkọ yín ló sì máa wà lórí ìwé rẹ̀, lórúkọ Jésù.

Ẹni tó bá gbà á, kó ṣe Àmín. Àwọn ọmọ Arsenal, ẹ ṣe tiyín lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ti jìyà tó.